Ẹ̀sìn Ṣekárími àti Ìjọra-ẹni-lójú nínú Ìtàn Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àríṣe ni àríkà. Ohun tí ẹ̀dá bá ṣe lónìí ni ọmọ aráyé yóò máa kà nígbà tí ẹni tí ó ṣe é kò bá sí mọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú ìtàn ìlú méjì tí ó wà létí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí ni Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú. Láàárín ọdún 1845 sí ọdún 1872, ìlú méjèèjì yìí rí ọba tí ó ń sá fún ogun, wọ́n rí olórí ogun tí ó ń wá ọ̀nà òwò, wọ́n sì rí ìjà tí àwọn òyìnbó oníwàásù ti lóhùn sí i. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni ó ní ẹ̀sìn tí ó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí eruku ogun rọlẹ̀ tán, ohun tí àwọn ènìyàn rí nílẹ̀ ni ìtẹ́, ẹnubodè, epo pupa àti ilẹ̀. Nítorí náà, ìtàn yìí ju ìtàn ogun lọ. Ó gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí kò tíì kúrò láwùjọ: báwo ni a ṣe ń mọ ìfọkànsìn tòótọ́ yàtọ̀ sí ìjọra-ẹni-lójú tí ó da aṣọ ẹ̀sìn bora?

Ohun tí àwọn ẹ̀sìn fúnra wọn wí

Kí a tó gbé ìtàn náà lé orí ìwọ̀n, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n tí a ó lò. Kò sí ẹ̀sìn ńlá kan tí kò kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa àṣehàn. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọ̀rọ̀ kan, ahamkara, tí wọ́n fi ń pe ohun tí ó wà nínú ọmọ ènìyàn tí ó máa ń wí pé, ‘Èmi ni mo ṣe é, tèmi ni.’ Nínú ìwé wọn tí a ń pè ní Bhagavad Gita, ní orí 17, a pín ìṣẹ́ra-ẹni nítorí ẹ̀sìn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ènìyàn ń ṣe kí ayé lè bọ̀wọ̀ fún un, kí wọ́n sì lè máa yìn ín. Ìwé náà sọ pé irú èyí kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀, kì í sì í tọ́jọ́. Ìkìlọ̀ tí ó wà níbẹ̀ jinlẹ̀: ẹni tí ó kọ ohun ayé sílẹ̀ lè sọ ìkọ̀sílẹ̀ náà gan-an di ohun ìyangàn. Ó lè gbàgbé oúnjẹ, kí ó má gbàgbé pé àwọn ènìyàn ń wo òun bí òun ṣe ń gbààwẹ̀.

Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, àwọn àfáà ń pe àìsàn yìí ní ṣekárími. Sura kan nínú Àlùkùránì, èyí tí ó jẹ́ ìkẹtàdínláàádọ́fà, bá àwọn tí ń kírun nítorí ojú ayé wí, ó sì so ẹ̀ṣẹ̀ wọn mọ́ àìbìkítà fún ọmọ òrukàn àti tálákà. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, Jésù pa òwe Farisí tí ó dúró nínú tẹ́ḿpìlì, tí ó ń ka iṣẹ́ rere rẹ̀ fún Ọlọ́run, nígbà tí agbowó-òde dúró lókèèrè, tí ó ń lu ara rẹ̀ láyà. Ní ti Ifá, ìtàn Ọ̀rúnmìlà àti Ìwà, aya rẹ̀, kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Ọ̀rúnmìlà ní ọgbọ́n, ó ní agbára, ó ní ọlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìwà bá ìyà rìn kúrò nílé, gbogbo rẹ̀ di asán lójú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀kú eégún wọ̀, ó ń wá a káàkiri. Lójú Yorùbá, ẹni tí ó ní awo láìní ìwà kò tíì ní nǹkan kan.

Gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí pàdé ní ibì kan. Wọ́n gbà pé ewu tí ó ń bẹ nínú ẹ̀sìn kì í ti ọ̀dọ̀ aláìgbàgbọ́ nìkan wá. Ó ń ti inú onígbàgbọ́ fúnra rẹ̀ wá, pàápàá nígbà tí ipò tàbí ìtẹ́ bá wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà kan náà fi àpẹẹrẹ èyí hàn. Ní ọdún 1657, nígbà tí Ọba Shah Jahan ń ṣàìsàn, àwọn ọmọ rẹ̀ dìde sí ara wọn nítorí ìtẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Dara Shikoh, jẹ́ Mùsùlùmí tí ó ní kí a túmọ̀ àwọn ìwé Upanishad ti ẹlẹ́sìn Híńdù sí èdè Páṣíà ní ọdún náà. Aurangzeb, àbúrò rẹ̀, gbajúmọ̀ fún títẹ̀lé òfin ẹ̀sìn. Òun ni ó ṣẹ́gun. Ó ti bàbá rẹ̀ mọ́lé títí bàbá náà fi kú ní 1666. Ní 1659 wọ́n pa Dara, ẹ̀sùn tí a kà sí i lẹ́sẹ̀ sì ni pé ó ti yà kúrò nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àpilẹ̀kọ kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn Aurangzeb. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ ni ẹ̀sùn náà fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó jàǹfààní rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Íńdíà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Èkó láàárín arákùnrin bàbá àti ọmọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtẹ́ Èkó àti ìsáǹsá sí Ẹ̀pẹ́

Ní ọdún 1841, Ọba Olúwọlé kú ní Èkó. Akíntóyè, ọmọ Ológun Kútere, ni ó gun orí oyè. Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọ̀ṣínlókun tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Akíntóyè, gbà pé òun ni oyè náà tọ́ sí. Akíntóyè fúnra rẹ̀ ni ó ní kí Kòsọ́kọ́ padà wálé láti ibi tí ó sá lọ, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹ́kò. Inú Ẹlẹ́tù Òdìbò kò dùn sí i. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1845, nínú ogun tí a ń pè ní Ogun Olómìrò, Kòsọ́kọ́ lé arákùnrin bàbá rẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Títí di àkókò yìí, kò sí ẹ̀sìn nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìjà ilé ọba ni.

Ìgbà tí Akíntóyè dé Àgbádárìgì ni ẹ̀sìn wọ inú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, àwọn òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ CMS, àwọn bí Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther, ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Akíntóyè bá wọn ṣọ̀rẹ́. Ó ṣe ìlérí pé bí òun bá padà sí orí ìtẹ́, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú, òun yóò sì ṣílẹ̀kùn Èkó fún ìhìnrere. Ìlérí dáradára ni. Síbẹ̀, láàárín 1841 sí 1845 tí ó fi jẹ ọba, wọ́n ń ta ẹrú ní Èkó, kò sì fòpin sí i. Òtítọ́ ni pé ènìyàn lè yípadà, ìyà sì lè kọ́ni lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé ìtẹ́ tí ó sọnù ni ó kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ òwò ẹrú sì tẹ̀lé e.

Kòsọ́kọ́ náà ní ẹ̀sìn tí ó fẹ̀yìn tì. Ó jẹ́ alátìlẹ́yìn àwọn Mùsùlùmí Èkó, nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n sì túbọ̀ rí ojú rere nílé ọba. Ṣùgbọ́n ìlú Èkó lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọjà ẹrú ńlá, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Bùràsíìlì sì ń bá a ná an. Ojú rere sí ẹ̀sìn kò dí ọ̀nà ọjà yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé onígbàgbọ́ bá aláìgbàgbọ́ jà ní Èkó yóò sọ ìtàn dàrú. Ọmọ ilé ọba bá ọmọ ilé ọba jà, olúkúlùkù sì wá alátìlẹ́yìn síbi tí ó ti lè rí i.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, Crowther wà ní ìlú òyìnbó, ó sì bá Ọbabìnrin Victoria sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú ní etí òkun yìí. Ní oṣù náà gan-an ni Kọ́ńsù John Beecroft àti àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kọlu Èkó, tí wọ́n sì pòfo. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá ọdún 1851, wọ́n padà wá, àgbá sì dún lórí Èkó. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí wà nínú wọn, gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí Awùjalẹ̀ ti gbà wọ́n láàyè láti tẹ̀dó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà fòpin sí òwò ẹrú, ó dáàbò bo àwọn oníwàásù, ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Oníwàásù àti oníṣòwò pàdé nínú ìwé kan ṣoṣo.

Ohun tí Ẹ̀pẹ́ fi hàn

Kì í pẹ́ tí aṣọ tí a yá fi ń tú lára ẹni. Ní 1852, Gollmer gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Akíntóyè ní Èkó fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí Benjamin Campbell dé gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńsù ní 1853 tí èdè àìyedè fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Gollmer, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Òyìnbó méjì tí orílẹ̀-èdè kan náà ń dáàbò bò, tí àwọn méjèèjì sì ń sọ pé ire àwọn aláwọ̀ dúdú ni àwọn ń wá, kò lè fi ìkan ṣe ìkan. Ní ọdún 1853 yìí kan náà, Kòsọ́kọ́ ti Ẹ̀pẹ́ wá kọlu Èkó, ṣùgbọ́n kò rí i gbà. Akíntóyè kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba.

Ní Ẹ̀pẹ́, Kòsọ́kọ́ kò jókòó lásán. Ó ń bá àwọn oníṣòwò ná epo pupa láti etí òkun Palma, òwò náà sì gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì kò lè fojú fò ó. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854 ni Campbell bá a ṣe ìwé àdéhùn Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́, òun yóò sì kọ òwò ẹrú sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ gbà pé Palma jẹ́ etí òkun Kòsọ́kọ́, wọ́n sì ṣèlérí láti máa san ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000, tàbí 1,000 dọ́là, fún un lọ́dọọdún. Kí òǹkàwé wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọdún mẹ́ta péré ni ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n pe ọkùnrin yìí ní ọ̀tá ọmọ ènìyàn, tí wọ́n sì fi àgbá lé e jáde, àti ìgbà tí wọ́n bá a jókòó, tí wọ́n ń bá a ṣírò owó ẹyọ. Kòsọ́kọ́ kò di ènìyàn mìíràn láàárín ọdún mẹ́ta. Epo pupa ni ó ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì já sí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, ọkọ̀ ogun sì wà nítòsí bí ó ti ń fọwọ́ sí ìwé. Àṣẹ àti òwò ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òwò ẹrú ni wọ́n tún mú bọnu gẹ́gẹ́ bí ìdí kan. Ní 1862, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láàyè láti padà sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1872. Ní 1863, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ẹ̀pẹ́. Ìlú tí kò dá ìjà Èkó sílẹ̀, tí ó gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀, ni ó wá jìyà ìkẹyìn. Ìbànújẹ́ inú ìtàn yìí ni pé àwọn tí wọn ń lo ọ̀rọ̀ mímọ́ fún àǹfààní ara wọn kì í sábà san gbèsè rẹ̀ fúnra wọn. Aládùúgbò ni ó máa ń san án.

Ìkòròdú àti ọ̀nà tí a dí

Bí ó ti rí ní Ẹ̀pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìkòròdú nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò. Ìkòròdú jẹ́ ìlú Rẹ́mọ, ó sì wà ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn ará òkè ń gbà dé ọ̀sà Èkó. Nígbà Ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì dojú kọ Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ kí a dí gbogbo ọ̀nà tí ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ lè gbà dé Ìbàdàn. Ìkòròdú kò fara mọ́ èyí, nítorí ọ̀nà náà ni ó ń bọ́ ọ. Nítorí náà ni ogun Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú. Ìdótì náà wà títí di ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1865, nígbà tí John Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó, rán ọmọ ogun lọ, tí wọ́n sì tú ogun Ẹ̀gbá ká.

Ní àkókò yìí, kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ìjọ ìlú òyìnbó fẹ́ràn bí Abẹ́òkúta. Townsend ti dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843. Ó gbé iṣẹ́ rere ṣe níbẹ̀: òun ni ó dá ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní èdè Yorùbá sílẹ̀ ní 1859, àwọn onímọ̀ èdè sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó ní sí Abẹ́òkúta di ohun tí kò jẹ́ kí ó lè rí ẹ̀bi Ẹ̀gbá mọ́. Ó gbè sẹ́yìn wọn nínú ìjà wọn pẹ̀lú ìjọba Èkó. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ogun Ẹ̀gbá ti di ogun ìhìnrere, ẹni tí ó bá sì dí Ẹ̀gbá lọ́wọ́ ń dí ìhìnrere lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ní òdìkejì ọ̀nà tí wọ́n dí yìí, àwọn òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ CMS kan náà wà. David Hinderer àti Anna, ìyàwó rẹ̀, ń gbé Ìbàdàn láti 1853. Hinderer ní tirẹ̀ gbè sẹ́yìn Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀nà dí, owó àti ẹrù kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ebi wọ ilé. Anna ń ta aṣọ àti àwọn ohun èlò ilé láti fi ra oúnjẹ fún àwọn ọmọdé tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1865, lẹ́yìn ìṣẹ́gun Ìkòròdú, ni ẹni tí Glover rán fi la igbó kọjá láti mú obìnrin tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára yìí dé Èkó. Townsend kọ́ ni ó dí ọ̀nà náà, kò sì sí ẹ̀rí pé ó fẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ń gbèjà àwọn tí ó dí ọ̀nà, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kejì sì ń kú lọ fún ebi ní ìkángun rẹ̀. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà lówùúrọ̀. Olúkúlùkù ti sọ ìlú tí ó gbà á lálejò di ìlú Ọlọ́run.

Èso rẹ̀ kò sì dùn. Ìṣẹ́gun tí ó dé bá Ẹ̀gbá ní Ìkòròdú dá kún ìbínú wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ifọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta: wọ́n wó ilé ìsìn, wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde, iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà sì parí síbẹ̀. Ìlú tí a ti fi ṣe àwòrán ìlú mímọ́ kò ju ìlú àwọn ènìyàn lọ, ó ní ire, ó ní ibi, bí ìlú gbogbo.

Ọ̀rọ̀ Crowther

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ó fi ìjọra-ẹni-lójú hàn kedere ju ọ̀rọ̀ ogun lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, nínú kàtídírà Canterbury, wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè náà. Ọmọ Ọ̀ṣoogùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì ti di ọ̀mọ̀wé tí a kò lè fojú kéré. Townsend lòdì sí ìfijoyè yìí. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kò ní bọ̀wọ̀ fún aláwọ̀ dúdú tí ó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀, agbègbè tí wọ́n fi sí abẹ́ Crowther yọ Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sílẹ̀, níbi tí àwọn òyìnbó oníwàásù wà. Ọmọ Yorùbá di bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ lórí ìjọ tí ó wà nílẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka èyí yóò rí i pé ìjọra-ẹni-lójú kì í sábà sọ orúkọ ara rẹ̀. Townsend kò wí pé, ‘N kò fẹ́ kí Crowther jọ̀gá lé mi lórí.’ Ire ìjọ ni ó fi ṣe ẹjọ́. Ó sì ṣeé ṣe kí ó gba ara rẹ̀ gbọ́. Ibi tí àìsàn yìí ti burú jù nìyẹn. Alágàbàgebè tí ó mọ̀ pé òun ń tan ayé jẹ lè ronú pìwà dà lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó ti tan ara rẹ̀ jẹ kò mọ̀ pé ohun kan wà tí òun ní láti yí padà kúrò nínú rẹ̀. Crowther ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni du Abẹ́òkúta. Ó gba ibi tí wọ́n fún un, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní etí odò Ọya, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Ìwọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí tán kí a sì parí rẹ̀ pé ẹ̀tàn ni gbogbo ẹ̀sìn. Ìdájọ́ tí ó yá jù nìyẹn, kò sì bá ẹ̀rí mu. Òwò ẹrú jẹ́ ibi ní tòótọ́, ó sì dára pé ó parí, ohun yòówù tí ì báà wà lọ́kàn àwọn tí ó dá a dúró. Àwọn Mùsùlùmí tí ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ fi ẹ̀sìn wọn lélẹ̀ níbẹ̀, ó sì ta gbòǹgbò tí kò ṣeé fà tu títí di òní. Ẹ̀sìn lè gba ẹnu ẹni tí ó ń wá ìtẹ́ kọjá, kí ó sì so èso rere lọ́dọ̀ ẹni tí kò wá nǹkan kan.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a bèèrè ohun tí ìgbàgbọ́ ènìyàn ná an. Ìgbàgbọ́ Anna Hinderer ná an ní aṣọ, oúnjẹ àti ìlera rẹ̀. Ìlérí Akíntóyè ní Àgbádárìgì kò tíì ná an ní ohunkóhun nígbà tí ó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí a wo bí ó ṣe ń hùwà sí ẹni tí kò lè san oore padà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpọ́nlé Kòsọ́kọ́ nígbà tí ó ní epo pupa. Ta ni ó ṣe àpọ́nlé fún ará Ẹ̀pẹ́ lásán ní 1863? Paríparí rẹ̀, kí a wò ó bóyá ẹni náà lè jẹ́wọ́ pé òun náà ní ohun tí òun ń wá. Ní ti èyí, Ìkòròdú sàn ju àwọn tí ó dó tì í lọ. Ó ń gbèjà ọ̀nà òwò rẹ̀, ọ̀rọ̀ òwò náà ni ó sì wà nílẹ̀, láìfi ohun mìíràn bò ó.

Àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ti fi irú ìwọ̀n yìí wọn ara wọn láìdúró de onítàn. Ní ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan ní Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n tako ni ìnáwó ìnákúnàá níbi ayẹyẹ àti àwọn àṣà tí kò bá ẹ̀sìn mu. Wọ́n yí ọkàn padà sí ilé-ìwé, èrè rẹ̀ sì kan ọmọ tálákà tí kò lè se àsè fún ẹnikẹ́ni. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, àṣehàn inú ilé ara wọn ni wọ́n sì bá wí. Agbára ẹ̀sìn láti bá ara rẹ̀ wí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù pé kì í ṣe ẹ̀tàn lásán.

Àmì ìtàn yìí ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fojú rí i. Ní Èkó, àdúgbò tí Ọ̀ṣódì Tápà àti àwọn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ padà wálé tẹ̀dó sí ṣì ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ní Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́ ṣì jọ ń gbé, àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ sì ń fi ọdún Káyókáyó ṣe ìrántí dídé Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Àsè ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí náà, wọn kì í fi ìbọn ṣe é. Oúnjẹ ń lọ láti ilé dé ilé, ẹni tí ó ní ń fún ẹni tí kò ní. Ìtẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà kò sí ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí ó du ìtẹ́ náà ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n aláàbò tí ìlú Ẹ̀pẹ́ jẹ́ fún àlejò ní 1851 ni wọ́n ṣì ń jẹ, tí wọ́n sì ń yó. Bí a bá ń wá ìfọkànsìn nínú gbogbo ìtàn yìí, ó dàbí ẹni pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá a sí.